Màmá Ojówò àti Àwòrán Tó Wà Lọ́wọ́ Bọ́sẹ̀

Ìyá ìyá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Ojówò, ti kú. A ti sin ín. Àwọn tó mọ ẹkún sun ti sun ún, àwọn tó mọ oúnjẹ jẹ ti jẹ ẹ́, kálukú sì ti padà sílé. Èmi nìkan ni n kò tíì sunkún. Kì í ṣe pé ọkàn mi le. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí ẹkún ráyè.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù, kí ẹ má baà rò pé òkú Màmá ni mo ń sá fún. (Mo ń sá fún un díẹ̀ o. N ó dé ibẹ̀.) Ọmọ àbúrò mi obìnrin wà lọ́dọ̀ mi nínú ilé yìí, Bọ́sẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó ti tó ọmọ tó yẹ kó máa da ilé rú pẹ̀lú ìbéèrè, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ rí. Kì í ṣe adití. Bí ẹ bá ya ọ̀rá ìpékeré nínú yàrá kejì, ẹ óò rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kí ẹ tó mú ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ ni kò jáde. Àwòrán ni ó fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní àpò kékeré kan tó ń gbé kọ́rùn. Bí ó bá fẹ́ ìpékeré, yóò yọ àwòrán ìpékeré, yóò fi sí ọ ní àtẹ́lẹwọ́, ìwọ náà yóò sì fún un ní ìpékeré. Bí ó bá fẹ́ jáde síta, àwòrán ẹnu ọ̀nà wà níbẹ̀. Bí oorun bá ń kùn ún, àwòrán ẹní wà níbẹ̀.

Àwòrán Màmá náà wà níbẹ̀.

Láti ìgbà tí a ti sin Màmá, òun nìkan ni Bọ́sẹ̀ ń yọ. Láàárọ̀ yóò fi sí mi lọ́wọ́, yóò sì dúró, yóò máa wo ọwọ́ mi bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn tó ń retí kí wọ́n ṣí i. Kí ni n ó fún un? Mísì, olùkọ́ tó kọ́ wa níṣẹ́ àwòrán yìí, ti kìlọ̀ fún wa pé bí ọmọ bá ń fi àwòrán béèrè títí, tí ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn, ó lè pa gbogbo àwòrán tì, kó má béèrè ohunkóhun mọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn: kí ọmọ yìí má padà sínú ibi tí Màmá ti fà á jáde.

Mo wá jókòó pé kí n kọ nǹkan nípa Màmá, bóyá bí mo bá rántí bí òun ṣe máa ń ṣe, n ó mọ ohun tí èmi náà yóò ṣe. Ìwé mi ò pọ̀. Ìwé kẹta ni mo dé ní girama kí n tó gba sọ́míìlì Àtìkòrì lọ. Ìjẹ̀bú ponbele sì ni Màmá ń sọ. Mo ń yí i sí ti inú ìwé, kí ará Ìbàdàn tó bá kà á má baà ránṣẹ́ wá pè mí.

Obì ni Màmá ń tà. Bí ẹ bá gba ọ̀nà ilé wa kọjá ní Ojówò, ẹ óò bá a lórí àpótí lẹ́nu ilẹ̀kùn, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì, tó ń bó obì, tó ń ṣa èyí tí kòkòrò ti bà jẹ́ sápá kan, tó ń fi ewé dì èyí tó dára sínú apẹ̀rẹ̀. Kì í gbójú sókè. Ṣùgbọ́n bí o bá rìn gba iwájú rẹ̀ kọjá láìkí i, o ti wọ gbèsè èébú. Ó mọ èébú bú débi pé ẹni tó bú gan-an máa ń rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun ni wọ́n ń bú. Ó bú mi títí tí mo fi gbé ìyàwó, ó tún bá mi bú ìyàwó náà pé kí ló rí lára mi.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́míìlì, gẹdú kan yí bọ́ láti orí ọkọ̀, ó sì balẹ̀ síbi tí mo ti kúrò níṣẹ́jú yẹn. N kò dágbére fún ọ̀gá. Mo rìn láti Àtìkòrì dé Ojówò pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Màmá kò gbójú sókè.

"Àjàní," oríkì mi ló fi ń pè mí, "ta ló ń lé ọ?"

"Kò sẹ́nìkan, Màmá."

"Ṣé kò sẹ́nìkan náà ló bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ?"

Ó gbé ìkòkoré ka iwájú mi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé ṣíbí ń lu eyín mi. Àwọn aládùúgbò ń wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Màmá gba ṣíbí náà lọ́wọ́ mi, ó sì fi lélẹ̀. "Gbọ̀n tán ná," ó ní. "Ìkòkoré ò ní sá."

Mo kàn rò pé òun kì í bẹ̀rù ni. Ìwòpin ló jẹ́ kí n mọ̀ pé irọ́ ni.

Apá Ogun Wọ́tásáìdì ni ìyá tó bí Màmá ti wá, àwọn ẹbí wa kan ṣì wà ní Ìwòpin, létí ọ̀sà. Nígbà tí Bọ́sẹ̀ kò sọ̀rọ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣépè fún ara wọn, Màmá ní kí a lọ gbàdúrà létí omi. Aláṣọ funfun ni wá. A wọ sùtánà, a bọ́ bàtà, a dúró sórí iyanrìn, a di ojú. Àdúrà náà gùn díẹ̀. Nígbà tí a ṣe àmín tí a lajú, Bọ́sẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ẹ ò mọ irú ẹ̀rù yẹn, mi ò sì gbàdúrà kí ẹ mọ̀ ọ́n. Iwájú, omi. Ọ̀tún, omi. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, "Bọ́sẹ̀! Bọ́sẹ̀!" Ẹ wo bí orí mi ṣe pé tó: ọmọ tí kò dáhùn rí ni mo ń ké pè. Ṣadé, ìyá rẹ̀, ti wọ inú omi dé ìbàdí, ó ń fi ọwọ́ wá abẹ́ omi bí ẹni tí yẹtí rẹ̀ bọ́ sínú agbada. Nínú ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n so mọ́ èèkàn ni a ti rí i. Ó jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń fi ìka ya omi. Ó ti gbọ́ gbogbo ariwo wa.

Mo yíjú pé kí n sọ fún Màmá pé a ti rí i. Màmá ti jókòó sínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú sùtánà funfun tó ń tọ́jú ju ọmọ lọ, ó sì ń gbọ̀n. Gbogbo ara rẹ̀. Mo nawọ́ sí i, kò rí ọwọ́ mi. Bí mo ṣe bẹ̀rù gẹdú tó, ẹ̀rù tó bà mí nígbà tí mo rí i tí Màmá ń gbọ̀n ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ta ni yóò wá gba ṣíbí lọ́wọ́ òun?

Nínú mọ́tò tí a wọ̀ padà sílé, a kọjá Ìjẹ̀bú-Òde. Ìgbà náà ni Màmá gbé Bọ́sẹ̀ lé itan, tó ní, "Bí àwa bá pè é, kò dáhùn. Ó dáa. Bí òun bá wá fẹ́ pè wá ńkọ́? Kí ni yóò fi pè wá?"

Ṣadé ń ṣe iṣẹ́ fọ́tòkọ́pì ní Àgọ́-Ìwòyè, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Ọ̀dọ́bìnrin kan máa ń wá tẹ àwòrán lọ́dọ̀ rẹ̀: ife, bọ́ọ̀lù, búrẹ́dì, bàtà. Ṣadé bi í pé ilé ìwé wo ló ń kó wọn lọ. Ó ní àwọn ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ni òun ń kọ́. Bí Mísì ṣe wọ ìtàn wa nìyẹn. Ó gun ọ̀kadà gba Òrù wá sílé wa, ó fi ọ̀rá bo àwòrán kọ̀ọ̀kan, ó lẹ irú nǹkan tó máa ń dún káràkárà lára bàtà ọmọdé mọ́ ẹ̀yìn wọn, èmi náà sì gé pákó pẹlẹbẹ kan ní sọ́míìlì tí a ó máa lẹ̀ wọ́n mọ́.

Iṣẹ́ náà gba ènìyàn méjì. Màmá jókòó síwájú Bọ́sẹ̀, ó mú ìpékeré dání, ó tẹ́ ọwọ́ kejì. Èmi jókòó sẹ́yìn ọmọ náà. Bí ó bá nawọ́ sí ìpékeré, èmi ni n ó rọra darí ọwọ́ rẹ̀ sí àwòrán, kí ó mú un, kí ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ Màmá. Kété tó bá ti balẹ̀, Màmá gbọ́dọ̀ fún un ní ìpékeré. Màmá kò gbọdọ̀ béèrè pé kí lo fẹ́. Èmi tí mo wà lẹ́yìn kò gbọdọ̀ fọhùn rárá.

"Àjàní ló máa dákẹ́?" Màmá bi Mísì. "Ẹ lọ mú iṣẹ́ tó rọrùn wá."

A ṣe é títí ó fi ń mọ́ ọn lára. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, n kò tíì fọwọ́ kàn án rárá, Bọ́sẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣí àwòrán kúrò lára pákó, ó sì nà án sí Màmá. Mo fẹ́ hó, mo rántí pé odi ni mí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni ọmọ náà fi nà án.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé yìí. Kò sẹ́ni tó fi òsì fún Màmá ní nǹkan rí tí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kò ta. Kí Màmá tó ronú, ọwọ́ rẹ̀ ti fà sẹ́yìn, ọwọ́ kejì sì ti gbá ti ọmọ náà sọnù. "Ọwọ́ òsì!"

Àwòrán náà bọ́ sílẹ̀. Bọ́sẹ̀ wò ó, ó wo Màmá, ó dìde, ó lọ jókòó sẹ́yìn agbada irin tí a fi ń gbe omi òjò. Láti ọjọ́ yẹn, bí a bá gbé pákó náà dé, yóò yíjú. Ó pẹ́. Ó pẹ́ débi pé n kò lè wo Màmá lójú mọ́, ẹ̀rù ń bà mí pé èkejì kò sí, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀.

Mísì ní kò sí ohun tó kan òun kan ọwọ́. Ọwọ́ tó bá wù ú ni kí a gbà á. Àǹtí Rónkẹ́, àbúrò ìyá wa, gbọ́, ó ní, "Ṣé ìwàkuwà ni a ó wá máa kọ́ ọmọ ni?" Màmá wá pè mí.

"Àjàní, fi òsì fún mi ní ife yẹn."

"Màmá?"

"O gbọ́ mi."

Mo fi òsì nà án. Ó gbá mi. "Má bínú," ó ní, "ọwọ́ ló ṣe é, kì í ṣe èmi. Fún mi padà." Mo fi òsì fún un ní ṣíbí. Ó gbá mi. Mo fi òsì fún un ní obì, ní ìgbálẹ̀, ní bàtà rẹ̀. Àgbà ni mí o, mo ní ìyàwó, mo ní irun nínú imú, mo sì ń fi òsì na nǹkan sí ìyá àgbà mi, ojú mi ń ṣẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó balẹ̀. Èmi ni wọ́n fi wo ọwọ́ náà sàn. Lọ́jọ́ tó gba abọ́ lọ́wọ́ òsì mi tí kò gbọ̀n, tí kò fà sẹ́yìn, ó gbé abọ́ náà kalẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tìyanu-tìyanu.

Ó gbé àpótí rẹ̀ lọ síbi agbada omi, ó jókòó síbẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́. Kò pè é. Ó ń jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́, obì rẹ̀ ń gbẹ. Ìgbà tí Bọ́sẹ̀ yọ jáde pẹ̀lú àwòrán ìpékeré lọ́wọ́ òsì, Màmá gbà á pẹ́ẹ́, ó fún un, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ọwọ́ mi ni adití," ó sọ fún mi. "Ọmọ yìí ò ṣe nǹkan kan."

Bí ẹnìkan bá bi mí pé kí ni Màmá ṣe láyé rẹ̀, ohun tó ṣe ní ọjọ́ ìkórè ni n ó sọ. Ilé ìjọsìn kún. Èso wà níwájú pẹpẹ, iṣu, ọ̀pẹ òyìnbó, odindi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Èmi ni mo mú Bọ́sẹ̀ dání, ẹ̀rù sì ti ń bà mí kí n tó wọlé. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti ṣófo. Bọ́sẹ̀ ti wà níwájú, ó dúró ti Bàbá Alàgbà, ó sì na àwòrán kan sí wọn. Ọwọ́ òsì. Lójú gbogbo ìjọ.

Bàbá fa ọwọ́ sẹ́yìn. Mo rí i, ó jọ bí ọwọ́ Màmá ṣe fà láyé ọjọ́sí. Mo wo ilẹ̀ bóyá yóò là kí n wọ̀ ọ́, sìmẹ́ńtì ni. Màmá dìde láti apá àwọn obìnrin. Obìnrin kì í kọjá ààlà ibi pẹpẹ lọ́dọ̀ wa, torí náà ó dé ibi ààlà, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ti ń dùn ún.

"Ẹ gbà á, Bàbá. Ọmọ náà ń bá yín sọ̀rọ̀."

"Ọwọ́ òsì ni, Màmá."

"Mo rí i. Ẹ dákun, ẹ gbà á, kó tó lọ."

Kó tó lọ. Mo mọ ibi tó ń sọ, èmi nìkan ni mo mọ̀. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ara rẹ̀ ṣe gbọ̀n ní Ìwòpin. Bàbá wò ó, wọ́n na ọwọ́, wọ́n gba àwòrán náà. Wọ́n wá gbé e sókè sí Olúwa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lé e lórí. Bọ́sẹ̀ tẹ́ ọwọ́, ó ń retí. Àdúrà ń lọ. Màmá tún fọhùn láti orí ìkúnlẹ̀ rẹ̀: "Bàbá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń béèrè. Kì í ṣe àdúrà."

Ẹ̀rín tí ìjọ rín lọ́jọ́ náà, Bàbá ló rín in jù.

Ìgbà tí Mísì ní a nílò àwòrán àwọn ènìyàn ilé, kí ọmọ lè máa fi pè wá, Màmá lọ wọ gèlè tó fi ń lọ síbi ìsìn àgbà. Ó ní kí Ṣadé yà á. Ó wò ó, ó ní òun wú. Ó ní kó tún un yà. Ó ní òun gbẹ. Lẹ́yìn náà ló tú gèlè náà kúrò, tí irun funfun rẹ̀ hàn. "Ojú nìkan ni kí o yà," ó ní. "Kì í ṣe gèlè ni yóò máa pè."

Ojú yẹn ni ó wà lọ́wọ́ mi báyìí.

Màmá kú lọ́sàn-án, lórí àpótí rẹ̀, pẹ̀lú obì tó bó dé ìdajì. A sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ilé, lábẹ́ fèrèsé yàrá rẹ̀, a fi sìmẹ́ńtì bò ó. Èmi a máa gba ẹ̀yìnkùlé yí po kí n má baà gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ máa rẹ́rìn-ín.

Àǹtí Rónkẹ́ ní kí a gba àwòrán náà lọ́wọ́ Bọ́sẹ̀. "Kúnlé, ẹni tó ti lọ ni ọmọ yìí ń pè láràárọ̀ yẹn o. Bí òun náà bá wá dá a lóhùn ńkọ́?"

Ara mi bù máṣọ. Mo pe Mísì. Ó ní kí a má gbà á, kí a má fi pamọ́, kí a dá ọmọ náà lóhùn òtítọ́, bó ti wù kó kéré tó. Mo bi í pé kí ni òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ Màmá jù mí lọ, sà."

Àná ni mo kọ̀wé dé ibí yìí. Láàárọ̀ yìí, Bọ́sẹ̀ fi àwòrán náà sí mi lọ́wọ́, kò sì dúró. Ó fi sílẹ̀, ó ń lọ. Kò wo ọwọ́ mi mọ́. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọ sí mi, tó dojú kọ ọ̀nà agbada omi, ẹ̀rù tó bà mí sì gbé ẹ̀rù sàréè sọnù lára mi. Mo sáré bá a, mo dì í lọ́wọ́, a gba ẹ̀gbẹ́ ilé.

A dúró síbẹ̀. Mo gbé àwòrán náà sókè kó rí i, mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ lé sìmẹ́ńtì. "Màmá," mo ní. "Màmá nìyí. Kò lè wá."

Ó wo ojú mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ lé ibẹ̀. Ó gbé e síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, oòrùn sì ti ń mú. Ìgbà yẹn ni ẹkún tí mo ti ń wá dé, láìkan ilẹ̀kùn. N kò nu ojú, torí ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá mira, Bọ́sẹ̀ yóò lọ.

Kò lọ. Ó gba àwòrán Màmá lọ́wọ́ mi, ó dá a padà sínú àpò. Ó wá wá inú àpò náà, ó wá a títí, ó sì yọ òmíràn. Ó fi sí mi ní àtẹ́lẹwọ́, ó dúró, ó ń wo ọwọ́ mi.

Omi ni.

Ẹ bá mi wo èmi, pẹ̀lú ikùn mi, bí mo ṣe sáré. Mo kọsẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo da ife àkọ́kọ́ nù, mo bu òmíràn. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ọ̀la wà níwájú, kò sì sí Màmá. Ṣùgbọ́n omi ló ní òun fẹ́, omi sì wà nílé.